Òkè tó ṣeé gbé: kí ni ká máa pe ilẹ̀ orí tábìlì?

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kun o.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú gbé kalẹ̀, mo sì ti ka èsì tó tẹ̀ lé e. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, eré ogun orí tábìlì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: a ó to àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí a kùn lọ́dà, a ó fi rúlà wọn ibi tí wọ́n lè rìn dé, a ó sì ju dáìsì bíi ti lúdò ká tó mọ ẹni tó ṣubú. Òkè, igbó, odò àti ògiri tí wọ́n ń jà láàárín rẹ̀, ọwọ́ la fi ń ṣe wọ́n. Kí ni ká wá pe gbogbo wọn lápapọ̀? Ẹ̀gbọ́n ní “ìrísí ilẹ̀”. Bùrọ̀dá kan láti Mọ̀pà ní “àwòrán ilẹ̀”. Ẹnì kan ní ká kúkú kọ “tẹréènì” bí Òyìnbó ṣe ń pè é, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀.

Kábà ni mo ń gbé. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ni èmi àti àwọn ọmọ àbúrò mi méjì ti ń ṣe nǹkan wọ̀nyí lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí náà, mi ò ní tinú ìwé atúmọ̀ èdè bẹ̀rẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọ yẹn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

“Ìrísí ilẹ̀” dára fún kíláàsì jọ́gíráfì. Àmọ́ bí nǹkan ṣe rí ni ìrísí, kì í ṣe nǹkan ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ká ní eré ti parí, iná NEPA sì ti lọ, mo wá fẹ́ kí ọmọ kó ẹrù orí tábìlì sínú páálí. Ṣé “bá mi gbé ìrísí ilẹ̀ méjì yẹn wá” ni mo máa sọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, ẹnu mi kò gbà á. Ohun tí a ń wá orúkọ fún yìí ṣeé gbé, ó ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kó kán sí méjì.

“Àwòrán ilẹ̀” ní tirẹ̀ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́: máàpù ni. Ẹ jẹ́ ká má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí nínú eré yìí gan-an, máàpù àti ohun tí à ń sọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 1812, Georg Leopold von Reisswitz, ará Prussia, ṣe tábìlì ogun kan fún Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta. Ilẹ̀ orí tábìlì náà wà ní awẹ́ awẹ́, èèyàn lè yọ awẹ́ tó ní odò kúrò kó sì fi èyí tó ní òkè rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di 1824, ọmọ rẹ̀ gbé eré náà kúrò lórí awẹ́, ó gbé e lọ sórí máàpù. Ti ọmọ ni “àwòrán ilẹ̀” bá mu. Ti bàbá ni àwa ń ṣe ní Kábà, a kò sì tíì rí orúkọ fún un.

Kí n tó dé ibi orúkọ àpapọ̀, ẹ jẹ́ ká wo orúkọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí la fi ń ṣe òkè. A ó gé e ní pẹlẹbẹ, a ó to pẹlẹbẹ kan lé òmíràn, ti òkè á kéré sí ti ìsàlẹ̀, bí àtẹ̀gùn. Kí ló dé tí a kì í gé e kó dà gẹ̀rẹ́ bí òkè gidi? Ọmọ ogun wa kò ga ju nǹkan bíi mìlímítà 28 lọ, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ róbótó kan. Bí òkè bá dà gẹ̀rẹ́, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ wálẹ̀. Ẹni tó bá ti gun Òkè Pátì ní Lọ́kọ́jà á mọ ohun tí mò ń wí: orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn lè nà gbalaja síbẹ̀. Irú rẹ̀ là ń pè ní “òkè” lórí tábìlì. Àmọ́ nígbà tí èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà gbẹ́ òkúta ràgàjì kan bíi ti ẹ̀gbẹ́ Ògìdì, tí kò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ lé, àbúrò rẹ̀ ní, “Èyí kì í ṣòkè, àpáta ni, ẹnikẹ́ni ò lè gùn ún.” Bí a ṣe rí òfin eré nìyẹn. Òkè ṣeé gùn, àpáta kò ṣeé gùn. Ìyàtọ̀ tó ti wà nínú èdè wa ló báwa ṣòfin, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ kankan. Òkè tó jẹ́ pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ńkọ́? Gegele. Ẹ máà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kú.

(Ẹ fọkàn sí i o, bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé. Àpáta àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀dà alágolo tí à ń tẹ̀ lórí kó fọ́n jáde ni mo fi kùn ún. Kí n tó wí pé kí ni mo rí, ojú fóòmù ti ń wọlé kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ bí iyọ̀ tí omi ta sí, ihò ti kún inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà yẹn máa ń yọ́ fóòmù, bí epo bẹntiróòlù náà ṣe ń yọ́ ọ. Ní báyìí, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà la kọ́kọ́ ń pa yí i ká, a ó da yanrìn lé e, yóò gbẹ mọ́jú, a ó wá fi ọ̀dà olómi tí à ń kùn sára ògiri kùn ún dúdú. Lẹ́yìn náà la ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà eérú, a ó nù ún sí àkísà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, a ó sì rà á lórí yanrìn náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Orí yanrìn nìkan ló máa mú un, kòtò rẹ̀ á dúdú síbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló ń di òkúta.)

Ẹ̀gbọ́n tún ní ká pe ilé tó ti wó ní “ahoro”. Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ takò wọ́n díẹ̀. Ogun tí à ń tò lọ́wọ́ ni ti Oṣù Kìíní 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba Kábà kọjá kí wọ́n tó lọ dojú kọ Bídà, olú ìlú àwọn Núpé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé fi ń kó ilẹ̀ wa, tí àwọn baba wa ń sá gun orí òkè. Ibi tí wọ́n sá fi sílẹ̀, ahoro ni, kódà bí ògiri kankan kò bá wó níbẹ̀. Àìsí èèyàn ló ń sọ ibì kan di ahoro. Ògiri tó wó kù sílẹ̀ ní ìdajì, tí ọmọ ogun lè lúgọ sẹ́yìn rẹ̀, àlàpà lorúkọ rẹ̀. Abúlé lódindi lè jẹ́ ahoro. Ẹyọ kan tí mo fi páálí ṣe, tí mo fi amọ̀ rẹ́ lójú, àlàpà ni.

Irú ìṣòro kan náà wà nínú “ibùba”, tí bùrọ̀dá Mọ̀pà dá lábàá fún ibi tí ọmọ ogun ń sá pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé àgbọ́n lé etí tábìlì, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á ní “ó yọjú!” tàbí “kò yọjú!” Bí kò bá yọjú, kí ló bò ó? Bó bá jẹ́ igbó ni, ojú ni igbó náà bò, ọta ìbọn lè la ewé kọjá. Ibùba nìyẹn. Bó bá jẹ́ odi ni, ọta kò ní kọjá, ààbò ló wà. Nọ́ńbà dáìsì tí èèyàn ń wá kò dọ́gba fún méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ méjèèjì lò, ká má ṣe fi ọ̀kan pa èkejì.

Ó wá ku orúkọ àpapọ̀. Mo kọ́kọ́ dá a sọ pé “ilẹ̀ àgbétẹ́”, torí pé gbígbé là ń gbé e tí a fi ń tẹ́ ẹ. Mo sọ ọ́ níwájú ìyá mi. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ta ló tẹ́?” Ọ̀rọ̀ yẹn kú lójú ẹsẹ̀. “Àgbékalẹ̀” ì bá dára, àmọ́ àwọn oníṣẹ́ ìwé ti gbà á lọ.

Ohun tí mo mú wá lónìí ni “àgbélọ́pọ́n”. Ẹ ti ń pe kọ̀ǹpútà kan ní àgbéletan, ẹ sì ń pe fóònù ní ẹ̀rọ àgbéléwọ́. Ọ̀nà kan náà ni mo tọ̀: gbé lé ọpọ́n. Òkè àgbélọ́pọ́n, àlàpà àgbélọ́pọ́n. Bí a bá ti wà nídìí eré, ìdajì ẹ̀yìn á já bọ́, “òkè” nìkan á tó. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ti babaláwo ni ọpọ́n. Ọpọ́n ayò ńkọ́? Eré ni ayò, ogun sì wà nínú rẹ̀, ọ̀tá là ń kó lọ́mọ. Láti ibẹ̀ náà ni mo ti yan “ọmọ” fún àwọn jagunjagun kéékèèké yẹn dípò “ère”, torí ìyá mi ti kìlọ̀ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ère nínú ilé òun.

“Tẹréènì” kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tó bá wù kó máa lò ó.

Odò ló ṣì ń dà mí láàmú. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ọ̀dà aró àti gọ́ọ̀mù kùn títí ó fi ń dán ni tiwa, a kì í gbé e lé ọpọ́n, ńṣe là ń nà án bí ẹní. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, èyí àbúrò ló wò mí tó ní, “Bàbá, ṣé kí n ká odò?” Mo ní kó ká a.