Àbọ̀ ìbéèrè: eegun ìgbáròkó tó kán tí kò so

Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé kí ló dé tí ọrùn eegun itan (ibi tó tín-ín-rín lábẹ́ orí eegun náà) ìyá àgbà kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ kò so lẹ́yìn oṣù 6, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi skúrù 3 dè é. Ìdáhùn rèé, mo fi pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Inú oríkèé ni ọrùn eegun yẹn wà. Ara rẹ̀ ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun gbà kọjá, bí eegun bá sì yẹ̀ nígbà tó kán, wọ́n lè já, ẹ̀jẹ̀ tí eegun fi ń so kò sì ní tó. Bí ojú ibi tó kán bá tún dúró ṣánṣán, tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ìbú ju dígírì 50 lọ, gbogbo ìgbà téèyàn bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni yóò máa yọ̀ sísàlẹ̀, skúrù á sì máa sún jáde.

Bí ibi tí itan ti pàdé ikùn bá ń dun aláìsàn, tí ẹsẹ̀ ń kúrú sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ! Ẹ ya X-ray níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá hàn kedere, ẹ ya CT, àwòrán tó ń fi inú eegun hàn ní ìpele-ìpele. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ESR àti CRP (àyẹ̀wò tó lè fi hàn bóyá kòkòrò àrùn wà lára) kí wọ́n tó tún iṣẹ́ abẹ ṣe, torí kòkòrò àrùn lè sá pamọ́ sídìí skúrù.

Fún arúgbó, pípààrọ̀ oríkèé ni mo fara mọ́: ó ń tètè gbé wọn dìde. Ọ̀dọ́ tí orí eegun rẹ̀ ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè gé eegun nísàlẹ̀ ọrùn, kí wọ́n yí i títí ojú ibi tó kán yóò fi tẹ́. Ìwúwo ara á wá máa tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kí aláìsàn tó bá ń mu sìgá jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.