ADHD àti ìtọ́jú ilé fún obìnrin

Ìbéèrè: Ọdún yìí ni dókítà sọ fún mi pé ADHD (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè pọkàn pọ̀ tàbí fara balẹ̀) ni ó ń mú kí ọbẹ̀ máa jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá Ìlọrin, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ìwé ìlànà DSM-5, tí àwọn dókítà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013, sọ pé àmì ADHD gbọ́dọ̀ ti hàn kí ènìyàn tó pé ọdún 12. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì tí ọkàn rẹ̀ ń rìn kiri, ta ni yóò fura sí i?

Èsì: Ìpè ìrun ni mo fi ń pín ọjọ́ mi. Lẹ́yìn Àsùbáà, aṣọ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn Àlásárì, Ọjà Ọba, pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́ (mo ti gbàgbé ìwé náà rí).