Ẹ gbà mí o: irun kóòtù àrán mi ti lẹ̀ mọ́lẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa aṣọ. Mo ra kóòtù gígùn kan lọ́jà àlòkù ní London níbí. Àrán ṣẹ́dà ni, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Ìborùn méjì ni wọ́n so pọ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí dùùrù láyé àtijọ́, wajawaja wá ń mì lẹ̀lẹ̀ létí ọwọ́ àti nísàlẹ̀. Ó rẹwà débi pé mi ò tilẹ̀ ná an.

Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ, òjò pa mí, mo sì jókòó lé e nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti lẹ̀ pẹ́tẹ́, ó ń dán bí ìdí ṣòkòtò àwọn ọmọ iléèwé.

Mo fa òwú kan nínú ìṣẹ́tí, mo fi iná sí i: ó ń rùn bí irun tó jóná, ṣẹ́dà nìyẹn. Àmọ́ ti wajawaja ń rùn bíi bébà, mo rò pé viscose (òwú àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi igi ṣe) ni, èyí tí kì í lágbára tó bá tutù.

Màmá mi ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. (Áyọ́ọ̀nù kẹ̀, lórí àrán!) Ẹnìkan ní kí n gbé e kọ́ sí balùwẹ̀ kí ooru omi gbígbóná fẹ́ ẹ, kí n wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbé irun rẹ̀ dìde. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé wajawaja kò ní lọ́ pọ̀? Àbí kí n kúkú gbé e fún alágbàfọ̀?