Ibo lèèyàn ti lè gbádùn òṣùpá àrànmọ́jú l'Ékìtì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọAdó: Ẹ kú alẹ́ o, Èkìtì kete! Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Èkó wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa l'Ádó, iná títì ò jẹ́ kí wọ́n rí òṣùpá tó ràn dáadáa rí. Ibo la lè jókòó sí, ìgbà wo ló dáa, ṣé ká ra bainọ́kúlà ni?

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ilé sà. Ẹ má dúró di aago mẹ́wàá o! Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lòun náà ń yọ lápá ìlà oòrùn, bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, ìgbà yẹn ló máa ń pọ́n bí epo tó sì máa ń tóbi lójú. Tó bá gòkè tán á dà bíi pé ó kéré, àmọ́ ojú wa ló ń tàn wá, kí àwọn ọmọ na ọwọ́ kí wọ́n fi èékánná ọmọńdinrín bò ó nígbà méjèèjì, wọ́n á rí i pé bákan náà ni. Tẹ́ ẹ bá wá sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ má gun Olósunta lóru, òkè òrìṣà ni. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ wo bí apá kan àpáta yẹn ṣe máa ń funfun tí apá kejì á ṣókùnkùn biribiri.

TíṣàJọ́gíráfì: Òótọ́ lẹ sọ mà. Òkè tó yí Adó ká lè bo òṣùpá fún ìgbà díẹ̀, torí náà ẹ wá pápá tí ìlà oòrùn ẹ̀ gbayawu. Oṣù Kọkànlá ni mo fọwọ́ sí jù, òjò ti ń dá, eruku ọyẹ́ ò sì tíì bo ojú ọ̀run. Ẹ má náwó lórí bainọ́kúlà torí alẹ́ yẹn nìkan o, òṣùpá tó kún, oòrùn ń tàn sí i lójúkojú ni, kò sí òjìji tó máa fi kòtò ara ẹ̀ hàn, ìgbà tó bá dé ìlàjì ni kòtò yẹn máa ń yọ kedere. Ibi dúdú tí wọ́n máa ń sọ fún wa ní kékeré pé ẹnì kan ń la igi níbẹ̀, àpáta yíyọ́ tó ti dì láti ayébáyé ni, ojú lásán sì rí i.

Àlhájà_Ọ̀yẹ́: Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtàn ẹni tó ń la igi yẹn jàre. Ẹ sun àgbàdo, ẹ pa iná ilé, kí wọ́n ṣe bojúbojú, kẹ́ ẹ pàlọ́ fún wọn. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù sílé.

Káyọ̀dé_Ẹ̀fọ̀n: Àǹtí, fọ́tò kan péré ńkọ́? Ẹ tẹ òṣùpá lórí sikirínì, kẹ́ ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi hàn, ẹ gbé fóònù ti ògiri kó má gbọ̀n. Ẹ wọ bàtà o, ejò ń bẹ nínú koríko, ẹ má sì rìn jìnnà sílé.

ỌmọAdó: Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀yìnkùlé màmá mi kọjú sí ìlà oòrùn, ibẹ̀ la máa lò. Báwo ni mo ṣe máa mọ ọjọ́ tó máa kún?

Àlhájà_Ọ̀yẹ́: Ọjọ́ 14 sí 15 oṣù àwa Mùsùlùmí ni. Ọjọ́ 9 la wà lónìí, ẹ yáa lọ wá àgbàdo.