Ara wọn le, síbẹ̀ èémí wọn ń gba 7 lórí kẹ̀kẹ́ ìdánwò: ṣé ó burú?

Akẹ́kọ̀ọ́Físíò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn tí ara wọn le, tí wọn kì í mu sìgá, là ń dán wò lórí kẹ̀kẹ́, ká lè mọ bí mímí hẹlẹ ṣe ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ ṣe ń le. Òṣùwọ̀n Borg, tí èèyàn fi ń sọ bí mímí ṣe nira fún òun tó, láti 0 sí 10, la ń lò. Nígbà tí wọ́n bá wà á dé ibi tí agbára wọn mọ, ẹnì kan á ní 4, ẹlòmíì 7, ẹlòmíì 9, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró gbogbo wọn ló dára. Èwo ni ká gbà? Ìparí nìkan la máa ń bi wọ́n, 30 wáàtì la sì ń fi kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún tọkùnrin tobìnrin.

Olùkọ́Èémí
Gbogbo nọ́ńbà yẹn ló lè jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tó bá lo gbogbo agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mí hẹlẹ. Ibi tí wàhálà wà ni pé nọ́ńbà ìparí kò dá sọ nǹkan kan. Ẹni tó ní 7 ní 240 wáàtì àti ẹni tó ní 7 ní 80 wáàtì kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá, bí ọjọ́ orí wọn bá tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún máa bi wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì méjì, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó kẹ́yìn, àti lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá dúró. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó sinmi tán kí ẹ tó bi í, ohun tó rántí ló máa sọ fún yín.

30 wáàtì yẹn pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó yẹ kí apá tó ń le gba ìṣẹ́jú 8 sí 12. Obìnrin tí ẹ rò pé ó lè dé 150 wáàtì, 15 ló yẹ ẹ́. Ọkùnrin tó lè dé 250, ẹ fún un ní 25. Bí iṣẹ́ bá yára le jù, ẹsẹ̀ á kú kí èémí tó sọ tirẹ̀, ẹ ó sì kọ 4 sílẹ̀. Kí apá tó ń le tó bẹ̀rẹ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, kó wà á láìsí ẹrù fún 3 mìíràn, kí ẹsẹ̀ máa yí ní ìgbà 60 sí 70 ní ìṣẹ́jú kan.

Atẹ́gùn_Wọlé
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín náà ṣe pàtàkì. "Ṣé ó ti ń rẹ̀ yín?" kì í ṣe ìbéèrè èémí. Ẹ bi í lọ́nà méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "Báwo ni mímí yín ṣe nira tó báyìí?" lẹ́yìn náà, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Ẹnu kan náà ni kí gbogbo olùdánwò fi bi í. Ṣáájú ìdánwò, ẹ kà á fún un: 0, kò nira rárá; 3, ó mọ níwọ̀n; 5, ó nira; 7, ó nira gan-an; 10, ó nira ju èyí tó tíì rí rí tàbí tó lè rò lọ. Ẹni tí wọn kò ṣàlàyé 10 fún máa ń fò lọ síbẹ̀ ní kété tó bá ti ń làágùn.

Ẹ má jẹ́ kó fi ẹnu dáhùn lábẹ́ ìbòmú tí ẹ fi ń wọn atẹ́gùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ń da mímí rú, àwòrán atẹ́gùn inú kọ̀ǹpútà á sì rí wúruwùru. Ẹ gbé páálí òṣùwọ̀n náà sí iwájú rẹ̀, kó fi ìka tọ́ka, kí ẹ̀yin pe nọ́ńbà náà sókè, kó mi orí tàbí kó tún un tọ́ka.

Bó bá dúró, ẹ tún bi í pé kí ló dá a dúró. Ara líle sábà máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ni, tàbí pé "mò ń mí púpọ̀ jù." Bó bá ní àyà fún òun, tàbí pé èémí kò wọlé tó, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Olùkọ́Èémí
Ẹ fi eléyìí kún un: ẹ wo iye atẹ́gùn tó mí ní ìṣẹ́jú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ sọ FEV1 rẹ̀, ìyẹn iye atẹ́gùn tó lè fi gbogbo agbára fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, di ìlọ́po 40. Bí FEV1 bá jẹ́ lítà 4, agbára rẹ̀ tó lítà 160 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá mí lítà 110 nígbà tó dúró, 50 ṣì kù, kò sí ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ara líle ló máa ń ṣẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kù ó kéré tán. Eléré ìdárayá gidi lè lò ó tán, kì í ṣe àrùn.

Akẹ́kọ̀ọ́Físíò
Ẹ ṣeun gan-an. Àwa kan kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn ní ẹ̀ka kejì, kẹ̀kẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣé ká fi sílẹ̀ ni?

Atẹ́gùn_Wọlé
Rárá o. Wáàtì, ìlù ọkàn àti nọ́ńbà Borg tó láti ya àwòrán tó nítumọ̀. Wáàtì ní ìsàlẹ̀, Borg lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ara líle máa ń lọ́ra níbẹ̀rẹ̀, á wá ga sókè wáwá nígbà tí iṣẹ́ bá ti kọjá ààbọ̀ agbára rẹ̀. Kí ó má sì bọ́ sílẹ̀ lójijì o: ẹ dín ẹrù kù, kó máa wà á jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, torí ẹ̀jẹ̀ tó kún ẹsẹ̀ lè mú un dákú.