Ìṣojú, ìkàmọ́ àbí ìkàkún?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kọ̀wé lórí ipò aláwọ̀ dúdú nínú Ocean's 11, fíìmù apanilẹ́rìn-ín ọdún 1960 nípa àwọn olè mọ́kànlá tó ja ilé tẹ́tẹ́ márùn-ún lólè lóru ọjọ́ kan ní Las Vegas. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi máa sọ pé irú àwọn ènìyàn kan wà nínú fíìmù, wọ́n sì wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n wa fèsì pé “ìṣojú” ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò gbà.

Ẹni tí wọ́n rán ni aṣojú. Ìlú ló ń yàn án, ìlú náà ni yóò padà wá jábọ̀ fún. Sammy Davis Jr., olórin àti òṣèré, nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú àwọn mọ́kànlá yẹn. Ta ló rán an? Yàtọ̀ sí èyí, “ìṣojú” ti níṣẹ́ tirẹ̀: “ìṣojú mi ló ṣe.”

Ẹ jẹ́ ká wo “kà mọ́” àti “kà kún.” A lè ka ènìyàn mọ́ ẹgbẹ́ ká má sì kà á kún. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà “wọn ò kà mí kún” kò ní dùn. Ẹnì kan lè ní “ìkàkún” ń dún bí àfikún. Ìlò ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nínú fíìmù náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà ni gbogbo wọn ti jọ jagun. Bẹ́ẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń to aláwọ̀ dúdú sí. Ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman tó pàṣẹ pé kó dópin. Fíìmù ka ẹni tí Sammy ṣe mọ́ ibi tí ìjọba kò kà á mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un? Ọkọ̀ ìdọ̀tí ló ń wà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun tún kun ojú wọn ní dúdú, wọ́n sì fi ìyẹn pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i. Síbẹ̀, ọkọ̀ ìdọ̀tí yẹn ló kó gbogbo owó náà kọjá lójú ọlọ́pàá. Láìsí i, ète wọn ti forí ṣánpọ́n. Ìkàmọ́ pé, ìkàkún kò pé. Ìyàwó Danny Ocean, olórí àwọn olè náà, tí Angie Dickinson ṣe, ìfarahàn lásán ni tirẹ̀.

Lóde fíìmù ńkọ́? Láwọn ọdún tó ṣáájú, olórin dúdú a kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá Las Vegas lálẹ́, a sì lọ sùn ní Westside, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìgbà tí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, lábẹ́ James McMillan, halẹ̀ pé àwọn yóò wọ́de ni wọ́n ṣe àdéhùn ní òtẹ́ẹ̀lì Moulin Rouge, ní 26 oṣù Ẹrẹ́nà 1960, pé kí ilẹ̀kùn ṣí fún aláwọ̀ dúdú. Oṣù Ògún ọdún yẹn ni fíìmù jáde. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba ohùn ènìyàn tí kò gba orí rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, “ìṣojú” kò lè sọ ọ́.

Ní ti “ìdàpọ̀ ẹ̀yà” tí àwọn kan tún dábàá fún wíwà pọ̀ onírúurú ènìyàn, ohun tó bá dàpọ̀ ti sọnù sínú ara wọn. “Ọ̀kanòjọ̀kan” ti wà nílẹ̀, ó sì tó.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ṣé “kà kún” ní ìtumọ̀ yìí lẹ́nu tiyín?