Ta ni ó kọ orin tí ń dún nínú géèmù?

Ará Tákíé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá. Mo ń kọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí a ṣe ń ta géèmù Super Mario Bros. lórí ẹ̀rọ àlòkù kan tí mo rà, nítorí òun ni géèmù tí èmi fi dàgbà, ní ilé ẹnìkan tí ó máa ń gba owó lọ́wọ́ wa kí a tó lè fọwọ́ kan páàdì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti ń lu ìlù láti kékeré, wá kí wa ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Bàbá jókòó, wọn kò wo tẹlifíṣọ̀n náà rárá, wọ́n kàn dijú bí ẹni tí oorun ń kùn. Àṣé wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì lu apá àga bí orin náà ṣe ń lọ, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló lu èyí?"

Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ní, "Kọ̀ǹpútà kì í ro orin. Mo ní ta ló lù ú?"

Ẹnu mi wọhò. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí orin yẹn ti wà létí mi, mo lè fi ẹnu súfèé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí owó fara pamọ́ sí nínú géèmù náà, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ orin rẹ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá lọ ni mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Koji Kondo ni orúkọ rẹ̀, ará Japan ni. Ọdún 1984 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nintendo, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe géèmù náà, géèmù náà sì jáde ní 1985, èyí tí ó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù sí iṣẹ́ náà nígbà tí ó kọ orin tí gbogbo ayé wá mọ̀ yìí. Ní 2023, ilé ìkàwé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà mú orin náà kún àwọn ohùn tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ fún àrọ́mọdọ́mọ, kò sì sí orin géèmù kankan tí ó dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, báwo ni ènìyàn ṣe ń gbọ́ irú orin báyìí bí ó ti yẹ? Ṣé a lè yọ ọ́ kúrò nínú géèmù kí a jókòó tì í, àbí kò ní ìtumọ̀ mọ́ bí páàdì kò bá sí lọ́wọ́? Àwọn wo náà sì ni ó yẹ kí n mọ orúkọ wọn, kí n má tún ya odi níwájú Bàbá?

Ọmọ Àyàn (Ọ̀yọ́)

Ẹ bá mi kí Bàbá gan-an. Ìbéèrè onílù ni wọ́n bi yín. Ní ìdílé tiwa, bí a bá gbọ́ ìlù láti òkèèrè, ọwọ́ tí ń lù ú ni a kọ́kọ́ máa ń dá mọ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé nípa ohun tí ó ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbọ́ orin géèmù, ẹ rántí bí a ṣe ń lùlù fún eégún. Kò sí ẹni tí ó ń sọ fún onílù tẹ́lẹ̀ pé ìṣẹ́jú báyìí ni eégún máa fi jó. Eégún lè dúró níwájú ilé kan kí ó pẹ́ títí, ó lè ṣàdédé fi eré sí i, ó sì lè yí padà láàárín òpópónà kí ó kọjú sí ẹni tí kò retí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìyáàlù ń wò. Gúdúgúdú ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà ni yóò máa lù láìyẹsẹ̀, kí ìyáàlù lè rí ilẹ̀ tẹ̀ bí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹni tí ó ń kọ orin fún fíìmù mọ iye ìṣẹ́jú tí ìran kọ̀ọ̀kan máa gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ orin fún géèmù kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ yín lè jẹ́ kí Mario dúró sójú kan láìrìn, orin náà yóò sì máa yí po títí àkókò rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá máa sú ènìyàn, ibẹ̀ ni yóò ti sú u. Iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn hun orin tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kí ẹlòmíràn sì gbọ́ ọ nígbà igba láìbínú, nítorí pé ibi tí ó parí sí gbọ́dọ̀ bá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mu débi pé etí kò ní rí ojú oríkèé.

Ti pé kí orin máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ aláré, ó ti pẹ́. Nínú Space Invaders, tí Tomohiro Nishikado ṣe ní 1978, ohùn mẹ́rin péré ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní títẹ̀léra. Bí ẹ ṣe ń pa àwọn ọ̀tá náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kù ń yára, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn mẹ́rin náà ń sáré, títí àyà yóò fi máa já ènìyàn. Kò sí orin aládùn kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n onílù èyíkéyìí yóò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mario tiyín náà ń ṣe é: bí àkókò bá ku 100, orin á ki eré mọ́lẹ̀. Ní 1991, Michael Land àti Peter McConnell ní ilé-iṣẹ́ LucasArts gbé ọgbọ́n kan tí wọ́n pè ní iMUSE wọ inú géèmù Monkey Island 2, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ohun èlò kan á jáde, òmíràn á wọlé, orin náà kò sì ní já lójú ọ̀nà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Red Dead Redemption, ti ọdún 2010. Bill Elm àti Woody Jackson gba púpọ̀ nínú orin náà sílẹ̀ ní ìsáré kan náà, ìlù 130 ní ìṣẹ́jú kan, àti lórí ìpìlẹ̀ ohùn kan náà, kí èyíkéyìí lè gun orí èyíkéyìí láìforígbárí. Bí ìjà bá dé, wọn a da ohùn mìíràn lé orí èyí tí ń lọ tẹ́lẹ̀. Gúdúgúdú ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Atúnrédíòṣe (Owódé, Ọ̀yọ́)

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àyàn ti sọ̀rọ̀ dé ibi tí ó kù díẹ̀ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti inú ẹ̀rọ sọ tèmi. Ẹ̀rọ tí Koji Kondo kọ orin fún kò ní ju ohùn márùn-ún lọ. Méjì ni ó ń kọ orin, ìkẹta ń ṣe bàsì, ìkẹrin kò lè ṣe ju ariwo ṣàà-ṣàà lọ, òun ni wọ́n ń lò bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìkárùn-ún sì wà fún ohùn kúkúrú tí a ti gbà sílẹ̀. Ohun gbogbo tí ẹ bá gbọ́, inú wọn ni ó ti gbọ́dọ̀ jáde, títí kan ìró fífò àti ìró owó.

Ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní. Ẹ jẹ́ kí Mario máa fò láìdáwọ́dúró, kí ẹ sì fetí sí abẹ́ orin náà. Nígbà tí ó bá fò, ìró fífò náà gba ọ̀kan nínú ohùn méjì tí ń kọ orin, ìyẹn ni pé elégbè orin náà á pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó tó padà wọlé níbi tí orin bá dé. A ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, a kò fura, nítorí Kondo ti kọ orin náà débi pé bí ẹnì kan bá tilẹ̀ jáde nínú agbo, agbo kò ní tú.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan gbé irú ẹ̀rọ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé orin rẹ̀ "ti sá lọ." Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, lóòótọ́ ni, bàsì àti ariwo ṣàà-ṣàà nìkan ni ó ń jáde. Mo tú u. Ẹsẹ̀ méjì ni IC rẹ̀, ìyẹn ègé kékeré inú ẹ̀rọ tí ń ṣe ohùn, fi ń gbé ohùn jáde, ọ̀kan fún àwọn ohùn méjì tí ń kọ orin, èkejì fún àwọn mẹ́ta yòókù, òjé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Kí n tó jó o padà, ọmọ iṣẹ́ mi kan wọlé láti ìta, ó gbọ́ bàsì yẹn nìkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kọ orin tí kò sí níbẹ̀, ohun tí ó ń kọ sì bá bàsì náà mu rẹ́gí. Mo gbé ayọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo jẹ́ kí ó kọ ọ́ tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ohùn òkè nìkan ni ọkùnrin yẹn kọ.

Ní ti orúkọ, ẹ fi Yuzo Koshiro kún un. Orí Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù ilé-iṣẹ́ Sega, ni ó ti ṣe orin géèmù Streets of Rage ní 1991, pẹ̀lú irú ìlù tí wọ́n ń jó ní ilé ijó alẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́ géèmù náà gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè fo ó, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà.

Ìyá Akọrin (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ẹ má ṣe yà mí sọ́tọ̀ nítorí pé n kò ta géèmù rí. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo ń darí, ìlú wa yìí sì kún fún akọrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lórí ohùn mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé ní LAUTECH gbé ìwé orin kan wá bá mi, Baba Yetu. Mo wò ó, Àdúrà Olúwa ni, ní èdè Swahili. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gba ògbufọ̀. "Bàbá Wa" ni, àwa àti wọ́n jọ ni Bàbá náà. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ọ, bàsì wa ń wọ́lẹ̀ nínú ẹ̀ka kejì ní gbogbo ìgbà, mo sì ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé orin ìsìn láti Tanzania ni. Ìgbà tí a kọ ọ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ náà tó rẹ́rìn-ín, tí ó ní, "Mọ́mì, orin géèmù ni o."

Ọmọ náà kò parọ́. Christopher Tin, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ fún géèmù Civilization IV ní 2005. Ní 2011, ó gba àmì ẹ̀yẹ Grammy, òun sì ni orin géèmù àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Nítorí náà, Ará Tákíé, ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì ni pé orin náà lè dá dúró, ó dá dúró níwájú ìjọ wa láìsí páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ ọkùnrin nìkan ni ẹ máa kà fún Bàbá. Obìnrin ni Yoko Shimomura, òun ni ó kọ púpọ̀ nínú orin Street Fighter II, ti 1991. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá orúkọ rẹ̀ nínú géèmù náà, "Shimo-P" ni ẹ máa rí, nítorí àṣà àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù Japan nígbà náà ni kí òṣìṣẹ́ máa lo orúkọ ìnagijẹ dípò orúkọ àbísọ. Ẹni tí ó bí ọmọ, tí wọn kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀! Nígbà tí Grammy wá dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún orin géèmù nìkan, obìnrin ni ó kọ́kọ́ gbà á, ní 2023: Stephanie Economou, fún iṣẹ́ tí ó ṣe nínú Assassin's Creed Valhalla: Dawn of Ragnarök.

Alàgbà (Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà púpọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe pọ́n ọn jù. Ọ̀pọ̀ orin géèmù tí àwọn ọmọ mi ń gbọ́ kò ju ariwo tí ń bo ariwo mọ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn tí ẹ sì ń yìn, kì í ṣe géèmù ni ó ni ín. Orin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní orin Tetris, tí ó wà nínú Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé, ní 1989, orin ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà ni, Korobeiniki, tí wọ́n ti ń kọ kí ẹnikẹ́ni tó lálàá kọ̀ǹpútà. Hirokazu Tanaka ni ó tò ó fún ẹ̀rọ náà, mo sì yìn ín fún ìyẹn, ṣùgbọ́n títò yàtọ̀ sí dídá. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ọwọ́ tí ó lu ìlù gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí ó ni orin pẹ̀lú.

Ará Tákíé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mọ́mì, Alàgbà, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo padà lọ bá Bàbá ní ọjọ́ Sátidé, mo sì gbé ẹ̀rọ náà dání. N kò sọ ọ̀rọ̀ Atúnrédíòṣe fún wọn, mo kàn ní kí ọmọ mi máa fò. Wọ́n dijú gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ní, "Ọmọ yìí ń pa elégbè lẹ́nu mọ́."

Mo wá dárúkọ Koji Kondo. Bàbá ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n ní kí wọ́n bá wọn gbé gángan wá láti inú yàrá, kí wọ́n lè kí ọkùnrin náà bí a ṣe ń kí ènìyàn. Ohùn òkè méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe orúkọ bàbá rẹ̀, ni ọmọ mi bá ju páàdì sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pé kóńdó ọlọ́pàá ni Bàbá ń pè. Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n dẹ awọ ìlù náà díẹ̀, wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣì ń gbìyànjú rẹ̀.